Ranger, Lake Formation àbí Unity Catalog: èwo lẹ fẹ́ fi ṣọ́ dátà yín?

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú. Irinṣẹ́ tó ń pinnu ẹni tó lè rí dátà yín àti ohun tó lè rí nínú ẹ̀ làwọn mẹ́ta yìí. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ń tà wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ pé kí ni wọ́n fi ń ṣí dátà yín, ṣé Hive ni àbí Spark àbí Trino, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Kàbà níbí, a ti fi Ranger bo nọ́ńbà fóònù àwọn aláìsàn nínú Hive, inú wa ń dùn, àfi bí ọmọ kan ṣe fi Spark ka fáìlì yẹn tààrà láti HDFS (ibi tí fáìlì dátà gan-an ń gbé), gbogbo nọ́ńbà hàn kedere. Ó dùn mí gan-an, àwọn ìyá wa ló ni nọ́ńbà yẹn.

Apache Ranger, ọ̀fẹ́ ni, orí sáfà tiyín lẹ máa gbé e sí. Plugin ẹ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń mú òfin ṣẹ) ń gbé inú àwọn irinṣẹ́ dátà bíi Hive, HBase, Kafka àti Trino, ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin tuntun ti dé, ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́dọ̀, tí sáfà Ranger bá kú tórí iná (ẹ ṣáà mọ bí iná wa ṣe rí) òfin àná ṣì ń ṣiṣẹ́. Ti Spark ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: plugin Apache Kyuubi lẹ máa fi kún un, kẹ́ ẹ sì ti ọ̀nà fáìlì HDFS pa. Ẹ tún máa nílò ẹni tó mọ Linux dáadáa, owó oṣù ẹ̀ sì nìyẹn.

Tí ẹnikẹ́ni bá gbé Apache Sentry, irinṣẹ́ àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ Ranger, wá, ẹ má gbà, wọ́n ti pa á tì láti 2020.

Lake Formation ti Amazon ò gba owó lórí àṣẹ fúnra ẹ̀, àwọn iṣẹ́ Amazon míì tó ń bá ṣiṣẹ́, Athena, Glue àti S3 (ibi tí fáìlì ń gbé), ló ń jẹ dọ́là. Tí dátà yín bá ti wà ní S3 ó dáa, àmọ́ ẹni tí ẹ bá ṣì fún láyè láti wọ S3 tààrà máa gba ẹ̀yìn wọlé.

Unity Catalog ti Databricks ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó jẹ́ pé Spark ló ń lò ṣáá. Wọ́n tú kódù ẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2024, àmọ́ ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ yẹn ní gbogbo ohun tí ti olówó ní.

Èmi o, ẹni tí dátà ẹ̀ bá wà nílé, Ranger pẹ̀lú Kyuubi ni kó lò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín wọlé lójú yín bí òṣìṣẹ́ kékeré, kó fi Spark ka fáìlì yẹn. Tó bá rí nọ́ńbà kan péré, ẹ di owó yín mú.