Mazda MX-5 ọdún 2003, ọdún méjì lọ́wọ́ mi: ibi tí owó ti ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti wọlẹ̀

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀ nípa ọkọ̀ yìí, lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa ní Peckham. Ó yí i po, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Tọ́ba, ọmọ mẹ́ta la bí, ìjókòó méjì lẹ rà wálé." N kò rí èsì fún un. Títí dòní n kò tíì rí i.

MX-5 ìran kejì ni tèmi, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíà ọwọ́, òrùlé aláṣọ. Ọdún 1989 ni Mazda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Chicago. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe é pé mílíọ̀nù kan ní Hiroshima. Ẹni tó bá ń wá agbára ẹ́ńjìnnì, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Adùn ọkọ̀ yìí ni pé kò wúwo, tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ péré ni. Wọ́n ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn kí imú má bàa tẹ̀wọ̀n jù, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀, apá irin méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló sì di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bo àṣírí. Bí nǹkan kan bá ń ṣe é, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n lára sítíárìn kí ẹ tó dé òpópónà kejì.

Tèmi sì ní ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ sí ọ̀nà Ide Hill ní Kent, níbi tí ọ̀nà ti ń wé mọ́ra lórí òkè, òjò ti rọ̀. Mo yí sítíárìn, imú ọkọ̀ ní òun kò gbọ́. Ó ń lọ tààrà sí ìhà igbó fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó gùn ju gbogbo ọdún náà lọ, kó tó wá yà. Nígbà tí mo bọ́ sí M25, òpópónà ńlá tó yí London ká, ó tún ń wá ọ̀nà kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ọwọ́ mi kò kúrò lórí sítíárìn, ojú mi kò kúrò lára àwọn tírélà.

Ohun tí mo ṣe nìyí, kí ẹ má baà ṣe é: mo lọ ra sípíríǹgì kúkurú. £140. Mo ti wo àwòrán ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn tó rẹlẹ̀ dáadáa, ó wù mí, mo sì sọ fún ara mi pé bó bá ti rẹlẹ̀, kò ní fì mọ́. Lóòótọ́ ni kò fì mọ́. Ó wá ń fò. Gbogbo ebè tí ìjọba ìbílẹ̀ mọ sójú ọ̀nà láti ilé wa dé ibi iṣẹ́ mi, mo mọ iye wọn lónìí nítorí pé ikùn ọkọ̀ kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Imú sì ń ṣe agídí rẹ̀ lọ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Bàbá kan wà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ṣe mẹkáníìkì lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin kan ní gúúsù London. Òun ni mo gbé ẹjọ́ lọ bá. Kò tilẹ̀ wo sípíríǹgì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó fi àkísà nu ara rẹ̀, ó pè mí.

"Àbúrò, wá ka èyí fún mi."

Nọ́ńbà mẹ́rin ni: 3109.

"Ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n, ọdún 2009. Táyà yìí dàgbà ju àbíkẹ́yìn ẹ lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ lọ wo ti yín. Ojú táyà tèmi ṣì jinlẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí n kò fi fura. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti gan; bí mo ṣe fi èékánná tẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹni ń tẹ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni bàbá fi gééjì wọn atẹ́gùn rẹ̀: 34 psi ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní èmi ni mo fọn ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ni mo ti dàgbà, fọkanáísà àdúgbò wa a máa fọn táyà títí tí yóò fi dún bí agogo nígbà tó bá fi irin lù ú, èmi sì ti gbà látìgbà èwe pé táyà líle ni táyà tó dáa. 26 psi ni Mazda kọ fún ọkọ̀ yìí. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè tẹ táyà tó kún jù mọ́lẹ̀. Àárín táyà nìkan ló ń kan ọ̀nà.

Mo ra táyà mẹ́rin tuntun, 195/50R15, £268 pẹ̀lú owó ìfisí. Bàbá bá mi dá sípíríǹgì àtijọ́ padà, mo ta kúkurú náà fún ọmọdékùnrin kan ní £60. Mo fọn táyà sí 26. Mo padà sí Ide Hill nínú òjò mìíràn. N kò ní purọ́, mo pariwo nínú ọkọ̀. Ibi tí mo bá na ìka sí ló ń lọ.

Ó ku ti M25. Ìyẹn, ọ̀ràn bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kọjú síra ni, ohun tí a ń pè ní aláímẹ́ǹtì. Ilé iṣẹ́ táyà kan tí n kò ní dárúkọ gba £50 lọ́wọ́ mi, wọ́n tún iwájú nìkan ṣe, wọ́n sì fún mi ní ìwé tí gbogbo ti ẹ̀yìn ṣì pupa fòò lórí rẹ̀. Mo béèrè. Wọ́n ní ti ẹ̀yìn kò ṣe é tún. Ó ṣe é tún o! Gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yìí ló ní bóòtì tí wọ́n fi ń yí i. Ohun tí wọn kò fẹ́ bá jà ni pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù ti so bóòtì wọ̀nyẹn mọ́ irin tó wà nínú búúṣì, rọ́bà tó wà ní oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ yí bóòtì, rọ́bà ló ń lọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Bàbá fi ọ́ìlì agbépata rin wọ́n fún ọjọ́ méjì. Gbogbo wọn gbà, àyàfi ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Ó gbé iná sí i, kò gbà. Nígbẹ̀yìn, ayùn ló fi gé e, a sì ra bóòtì àti búúṣì tuntun. Ó lé ní £200 lápapọ̀, òun ni owó tó dùn mí jù, òun náà ni kò sì ká mi lára mọ́ lónìí. A tẹ orí táyà iwájú sínú ní dígírì kan, ti ẹ̀yìn ní ìdajì lé ní kan, ojú wọn sì kọ síra díẹ̀ níwájú. Bí mo bá fi ìka méjì di sítíárìn ní M25 báyìí, tààrà ló ń lọ.

Àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe kò gba owó, sùúrù ni wọ́n gbà. Bíréèkì ọwọ́ mi ti dẹ̀; mo ń fà á dé ọ̀run, ọkọ̀ ṣì ń yọ́ lọ. Okùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fún. Àṣìṣe ni. Lẹ́yìn kálípà ẹ̀yìn, ohun tó ń fún pádì bíréèkì mọ́ dísìkì, bóòtì kékeré kan wà tó gba sípánà 14. Ẹ tú u, ẹ ó rí ihò. Inú ihò náà ni kọ́kọ́rọ́ igun mẹ́fà, 4mm, ń wọ̀. Ẹ yí i sí ọ̀tún títí pádì yóò fi gbá dísìkì mú tí ẹsẹ̀ kò ní yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà ní ìdá kan nínú mẹ́ta àyípo. Ó tán. Mo dùbúlẹ̀ sórí páálí nínú òtútù fún wákàtí kan kí n tó rí ihò yẹn, nítorí pé ìdọ̀tí ti bò ó. Ẹsẹ̀ kejì kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Gíà tó ń há, tí ooru àti ariwo sì ń gba ìdí rẹ̀ wọlé: rọ́bà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ya, ọ́ìlì inú kòtò ibẹ̀ sì ti gbẹ. Rọ́bà tuntun, ọ́ìlì 75W-90 tí kò kún ife tíì kékeré, ó parí. Gíà náà wá ń wọlé tẹ́rẹ́ bí ẹni ń ti ìbọn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní ṣe nǹkan kan nínú gbogbo èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ihò omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé aláṣọ náà ń gba ihò méjì lẹ́yìn ìjókòó, lọ́tùn-ún lósì, ó ń jáde nísàlẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn. Ewé a máa dí i. Bó bá dí, omi yóò yà sínú síìlì, irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn, yóò sì máa jẹ ẹ́ látinú jáde. Ẹ má fi irin ìkáṣọ gún un, ó lè lu rọ́bà inú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ ni kí ẹ fi rọra tì í. Ohun tó jáde ní ti ọ̀tún mi dàbí ẹ̀fọ́ tó ti pé ọ̀sẹ̀ kan nínú ìkòkò.

Mo pẹ́ kí n tó la ti òsì. Síìlì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ti ń wú lábẹ́ ọ̀dà, ó tó owó náírà kan. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, kò tíì wọlé. Oṣù kẹta ni MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba ń béèrè fún ọkọ̀.