Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra júsà: ẹ mú kárọ́ọ̀tì dání lọ sọ́jà

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń gbèrò àtira júsà ilé lásìkò yìí, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Erékùṣù Èkó, nítòsí Balógun, tó tún ń polówó ọjà lórí Instagram àti WhatsApp. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé iwájú àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ. Òun nìkan kọ́ ló sì ń ṣe é. Ọgbọ́n kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń dá, ọgbọ́n ọ̀hún ni mo fẹ́ tú síta.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ìkòròdú ló ra tirẹ̀ ní ₦85,000. Dókítà ti ní kí ọkọ rẹ̀ jìnnà sí mínírà, òun náà wá ní òun á máa fún omi èso nílé. Ó rí fọ́nrán kan lórí fóònù: ọwọ́ obìnrin kan ń ju wọtamẹ́lọ́ọ̀nù sínú ẹ̀rọ, omi pupa ń ya wàrà-wàrà sínú ife. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 4500W (wáàtì, ìyẹn bí iná tó ń fà ṣe pọ̀ tó) ni, pé bàbà gidi ni wáyà inú ẹ́ńjìnnì, pé wáráńtì ọdún kan ló ní. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé owó tí wọ́n bá ti gbà kò ní padà.

Ọmọkùnrin tó fi ọ̀kadà gbé e wá kò jẹ́ kó tú páálí kí owó tó wọlé. Ó ní bí ọ̀gá òun ṣe pa á láṣẹ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tú u, kì í ṣe ohun tó wà nínú fọ́nrán ló wà níbẹ̀. Bílẹ́ńdà ni, wọ́n kàn ki asẹ́ oníke kan bọ àárín rẹ̀. Àbúrò mi ní kó dáa náà, ó gé kárọ́ọ̀tì sí i. Ẹ̀rọ náà pariwo tó jí ọmọ tó ń sùn ní yàrá kejì, kárọ́ọ̀tì há mọ́ asẹ́, ìgbà tó máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì òórùn ike tó ń jóná ti gba ilé kan.

Mo tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ gbọ́ èsì tí a gbà:

"Mọ́mì, ẹ ti lò ó jù ni."

"Èmi tí mo lò ó lẹ́ẹ̀kan?"

"Kí lẹ fi sí i? Kárọ́ọ̀tì? Háà, Mọ́mì! Èso tó rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń tà á, ọ̀gá."

"Ó wà nínú ìwé inú páálí, ma."

Ìwé ọ̀hún wà lọ́wọ́ wa. Èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Àbúrò mi wá bèèrè wáráńtì. Ọlọ́jà náà ní wáráńtì wà lóòótọ́, àmọ́ kò kan ẹ́ńjìnnì tó bá jóná, pé iná NEPA ló ba tiwa jẹ́. Kí wá ni wáráńtì náà kàn? Páálí? Nígbà tí a pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká máa pè bí ìṣòro bá wà, ọkùnrin yìí kan náà ló gbé e, níwájú wa, tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń dá wa lóhùn. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wá wo irọ́ náà fínnífínní, ká bẹ̀rẹ̀ láti orí 4500W yẹn. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò nílé wa, 13A (áńpíà, ìwọ̀n iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá) ni agbára rẹ̀ mọ. Iná ilé wa sì jẹ́ 230V. Ẹ fi 13 sọ 230 di púpọ̀, 2,990W ni ẹ máa rí. Ìyẹn ni pé ohun èlò tó bá fẹ́ fa ju nǹkan bí 3,000W lọ, kò tọ́ kó máa lo púlọ́ọ̀gì yẹn rárá. Báwo wá ni júsà 4500W ṣe ń lò ó? Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 8500W sí lára, tí púlọ́ọ̀gì kan náà wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ rí i dájú, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára wáyà rẹ̀. Bí ẹ bá rí 0.75mm², tó ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó, 6A ni wáyà bẹ́ẹ̀ lè gbé, èyí tí kò tó 1,400W. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kẹ́tùlù iná yín, ọwọ́ yín á sọ fún yín èwo ló ń ṣiṣẹ́ ńlá.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé kò síná lọ́jọ́ tí a lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ni ọkùnrin yìí fi ń dán júsà rẹ̀ wò fún àwọn èèyàn tó dúró yí i ká. Jẹnẹrétọ̀ tí kò lè gbé áyọ́ọ̀nù ló ń gbé ẹ̀rọ 4500W, gílóòbù orí rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Kó sì yé yín pé júsà gidi kò nílò irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń yí kíákíá, tí abẹ ìdí asẹ́ wọn lè yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, láàárín 400W sí 1,200W ni púpọ̀ wọn wà. Àwọn tó ń rọra fún èso, tó jẹ́ pé ìgbà 40 sí 100 péré ni wọ́n ń yí ní ìṣẹ́jú, 150W sí 250W tó wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fún kárọ́ọ̀tì àti ewébẹ̀ gbẹ ju àwọn oníkíákíá lọ, torí jíà inú wọn ti sọ ìyára di agbára. Àwọn yẹn ló wọ́n. Ẹni tó bá ní òun ń ta onírọra fún yín ní owó bílẹ́ńdà, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ wo ihò ara rẹ̀ náà. Púpọ̀ nínú júsà tòótọ́ ló ní ọ̀nà méjì: omi ń gba ibì kan jáde, eèrí ń gba ibòmíràn. Bí ẹ bá ti rí ẹnu kan ṣoṣo, tí asẹ́ wá dúró láàárín ike, bílẹ́ńdà ni, orúkọ yòówù tí wọ́n kọ sí páálí. Bílẹ́ńdà kò burú, àmọ́ ẹ ra á ní owó bílẹ́ńdà.

Ní ti wọtamẹ́lọ́ọ̀nù, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí wà. Ó ju 90% lọ nínú rẹ̀ tó jẹ́ omi. Ẹ fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́, omi á jáde. Kò sí ẹ̀rọ tí kò ní dára lójú bí wọtamẹ́lọ́ọ̀nù bá wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ni gbogbo wọn fi ń ya fọ́nrán. Omi inú kárọ́ọ̀tì náà pọ̀, ó ń lọ sí bí 88%, àmọ́ ó ti há sínú ẹran ara tó le; ẹ̀rọ ló máa fipá gbà á jáde. Nítorí náà ẹ ra kárọ́ọ̀tì díẹ̀ àti atalẹ̀ kan sínú báàgì kí ẹ tó wọ ọjà. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé èyí lẹ fẹ́ kó fún. Bí ó bá yọwọ́, tó ní kò sí iná, tó ní wọn kì í dán ọjà tuntun wò, ẹ kí i pé ó kú òwò, kí ẹ kọjá.

Bí ó bá gbà, ẹ tẹ́tí sí ohùn ẹ̀rọ bí kárọ́ọ̀tì ṣe ń wọlé. Ó lè wálẹ̀ díẹ̀, kò gbọdọ̀ fẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ẹ bu eèrí rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un. Bí omi bá ṣì ń kán tó-tó láàárín ìka yín, apá kan owó èso yín ni ẹ̀rọ yẹn á máa dà nù lójoojúmọ́. Eèrí tó dáa máa ń fẹ́ẹ̀ rí bí gààrí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Ẹ fọwọ́ kan ìdí ẹ̀rọ náà, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ yẹ asẹ́ onírin rẹ̀ wò sí ìmọ́lẹ̀, etí rẹ̀ ní pàtàkì. Èyí tó bá ti sán tàbí tó ti ṣí níbi tí wọ́n jó o pọ̀, ẹ má gbà á, ohun tó ń yí lọ́nà 10,000 kì í ṣe ohun tí èèyàn fẹ́ kó fọ́ síwájú òun. Ẹ sì gbìyànjú àtitàn án láìde ìdérí. Kò gbọdọ̀ tàn.

Lórí bàbà gidi tí wọ́n ń pariwo: a gbé tiwa fún ẹni tó ń wé wáyà ẹ́ńjìnnì ní Ìkòròdú. Ó tú u, ó fa wáyà kan yọ, tó pupa dáadáa bí bàbà. Ó fi bíléèdì ha á lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ funfun báláú. Alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn lásán. Ẹ ò lè rí èyí ní ṣọ́ọ̀bù, torí náà ẹ má sanwó lé orí ọ̀rọ̀ bàbà rárá. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé NAFDAC fọwọ́ sí júsà òun, òpùrọ́ ni. Oúnjẹ, oògùn, ìpara àti omi inú ike ni iṣẹ́ NAFDAC. SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ló ń rí sí ohun èlò iná.

Ìkìlọ̀ mìíràn wà lórí tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ júsà tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà láti Amẹ́ríkà ló ti wá, iná 120V sì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà kan á gé púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ rẹ̀ dànù, wọ́n á fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rọ́pò, wọ́n á ní "London use" ni. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, kí ẹ ka ohun tó wà ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 120V 60Hz, tí ẹ sì kì í bọ iná wa tààrà, ká tó ṣẹ́jú ó ti lọ. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan ha ibẹ̀ tí kò ṣeé kà, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí fún àwọn ìyá wa pé tíránsífọ́mà gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ ju ti júsà lọ.

Bí ó bá ṣe pé ọsàn nìkan lẹ̀ ń mu nílé, ẹ má da ara yín láàmú. Èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, tí kò lo iná, ti tó, ó sì máa pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín: ẹ bó ọsàn kí ẹ tó jù ú sí i, èèpo àti kóró rẹ̀ ló ń mú omi rẹ̀ korò. Ẹ yọ kóró máńgòrò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ, bílẹ́ńdà ni tiwọn, wọ́n kàn máa dí asẹ́ ni. Ìrèké, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Bí ẹ bá rí "KB 1 min" ní ìdí ẹ̀rọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó sinmi. Irú ohun báyìí ni ọlọ́jà máa ń dì mọ́ nígbà tí ó bá jóná. Ẹ fọ asẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí eèrí bá gbẹ mọ́ ọn, búrọ́ọ̀ṣì kò ní ràn án.

Owó ńkọ́? Ẹ má ṣe tiránsífà kí ẹ tó rí ọjà. Bí ọlọ́kadà bá ní ẹ ò gbọdọ̀ tú páálí, kó gbé e padà. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀, wáàtì tí wọ́n sọ fún yín, àti ohun tí wáráńtì kàn gan-an, kì í ṣe "1 jusa" lásán. Ẹ tọ́jú fọ́nrán ìpolówó àti ọ̀rọ̀ WhatsApp, torí wọ́n máa ń pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ "owó kò ní padà" tí wọ́n ń kọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá ohun tí wọ́n polówó mu padà, kó sì gba owó rẹ̀. Àjọ FCCPC ló ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà ní Èkó tún ní LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Ọ̀dọ̀ wọn ni àbúrò mi kọ̀wé sí, pẹ̀lú fọ́nrán, rìsíìtì, àti wáyà tí wọ́n ha. Kò pẹ́ tí ọlọ́jà náà gbọ́ ló pe, ohùn rẹ̀ ti rọ̀: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nítùbí-ìnùbí, màá dá ìdajì padà." Àbúrò mi ní kó lọ bá àjọ sọ ọ́, ₦85,000 pé lòun ń retí.