Ọjọ́ mẹ́ta tí èmi àti màámi lò ní Alnwick: ibi tó dára jù, àti ibi tí ẹ lè fò

Ánníìkì ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alnwick ni wọ́n kọ sílẹ̀; ìlú kékeré kan ni, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbé Newcastle, mo sì ń rí orúkọ yẹn níwájú bọ́ọ̀sì, n kò wọ̀ ọ́ rí. Ìgbà tí màámi wá kí wa láti Ìbàdàn nínú oṣù Keje ni mo tó rí ìdí láti lọ. Ọmọ ọdún 71 ni wọ́n, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n wọ́n kórìíra kí wọ́n máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí mo ń wádìí ibẹ̀, n kò rí ẹnikẹ́ni tó sọ bóyá àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn lè gbádùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ọ̀nà méjì ló wà láti Newcastle. Ọkọ̀ ojú irin yóò gbé yín dé Alnmouth ní nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ óò wá wọ bọ́ọ̀sì tó kù díẹ̀ wọ ìlú, torí pé láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ti ibùdókọ̀ ojú irin Alnwick fúnra rẹ̀ pa. Àbí kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì X15 tàbí X18 láti Newcastle tààrà. A wọ bọ́ọ̀sì. Ó pẹ́ ju ọkọ̀ ojú irin lọ, ṣùgbọ́n màámi rí màlúù àti àgùntàn wò títí wọ́n fi sùn lọ.

Nípa ibi tí a sùn, n kò ní dárúkọ wọn. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé yàrá ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́, wọ́n sì ní kò séwu. Ìgbà tí a débẹ̀, òkè kẹta ni wọ́n fi wá sí, àtẹ̀gùn náà tún há. Ó dùn mí gan-an láti máa wo màámi bí wọ́n ṣe ń di irin mú gòkè lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín kí ẹ tó sanwó.

Alnwick Castle, odi àtijọ́ tó wà nínú ìlú, ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ rí. Ní 1309 ni ìdílé Percy ra odi náà lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù Durham, àwọn ọmọ wọn ló ṣì ń gbé inú rẹ̀ dòní, nínú gbogbo odi tí èèyàn ṣì ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Windsor nìkan ló tóbi jù ú lọ. Ìlú ogun ni àgbègbè yìí jẹ́ láyé àtijọ́, torí pé ààlà Scotland kò jìnnà. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Malcolm Kẹta, ọba Scotland, ní 1093. Wọ́n to ère ọmọ ogun olókúta sórí odi, ẹni tó bá ń bọ̀ lókèèrè á rò pé èèyàn ló dúró. Nínú ilé, àwòrán tí Van Dyck àti Canaletto, àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́, yà wà lára ògiri, ilé ìkàwé wọn sì kún dé àjà. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá, kò tẹ́jú, àtẹ̀gùn sì wà láti gun. Àwọn ọmọdé tí wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń gun ìgbálẹ̀ fò, nítorí fíìmù oṣó Harry Potter tí wọ́n yà níbẹ̀, pọ̀ bí eéṣú. Bó bá jẹ́ pé owó ibì kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ má fi wọ odi. Tíkẹ́ẹ̀tì odi yàtọ̀ sí ti ọgbà, ọgbà ni kí ẹ lọ.

Alnwick Garden yìí, ẹ̀gbẹ́ odi ló wà. Jane Percy, ìyàwó Duke ti Northumberland tó jẹ́ olórí ìdílé Percy, ló dá a sílẹ̀, ní 2001 ni wọ́n ṣí i. Omi ń ṣàn láti òkè bí àtẹ̀gùn, àwọn ọmọ ń sáré nínú rẹ̀. Ọ̀nà tẹ́jú, àga pọ̀. Àkókò òdòdó igi ṣẹ́rì ti kọjá nígbà tí a dé, ìgbà ìrúwé ni ti ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n so jangírọ́fà sára àwọn igi náà, màámi sì jókòó sí ọ̀kan.

Ohun tí mo torí ẹ̀ gbé wọn wá ni ọgbà ewé olóró tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2005. Eléwé ọmọ ni màámi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ta ewé àti egbò ní ọjà Bódè, ìyẹn ni wọ́n fi rán wa níléèwé. Irin dúdú ni wọ́n fi ṣe géètì ọgbà náà, agbárí òkú ni wọ́n yà sí i lára, wọ́n sì máa ń tì í gbọn-in. Ẹ kò lè dá wọlé, ẹni tó ń mójú tó o ló ń kó èèyàn lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ó kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ewé kankan, a kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, a kò gbọdọ̀ gbóòórùn rẹ̀ pàápàá, torí pé àwọn àlejò kan ti dákú níbẹ̀ rí. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún irú ewé ló wà nínú ọgbà náà. Inú àgọ́ irin ni wọ́n há òmíràn mọ́ bí ẹranko. Igbó tí àwọn èèyàn ń fà bíi sìgá náà wà níbẹ̀, ìjọba ló fún wọn ní ìwé àṣẹ láti gbìn ín.

Bí a ṣe yà báyìí, màámi dúró gbagidi.

“Àdùkẹ́, làrà kọ́ nìyí?”

Làrà ni, pẹ̀lú ewé rẹ̀ tó là bí ọwọ́. Ọkùnrin tó ń mú wa rìn ń ṣàlàyé pé oró tó wà nínú kóró rẹ̀, ricin, lè pa èèyàn. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màámi ní kí n sọ fún un pé òótọ́ ni, àmọ́ àwọn ará Ìgbò ń fi kóró kan náà ṣe ògìrì, wọ́n á sè é pẹ́, wọ́n á wé e kó kan. Mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà yíjú sí màámi, ó bi wọ́n léèrè ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń fi wé e, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Iná ló ń pa oró yẹn, ó mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, ògìrì ni kò gbọ́ rí. Gbogbo ọ̀wọ́ wa yí wọn ká. Níwájú díẹ̀, a bá òdòdó kan tó dorí kodò bí fèrè, màámi ní ó jọ gẹgẹmu. Mọ̀lẹ́bí ni lóòótọ́. Ọmọ àdúgbò wa kan mu gẹgẹmu ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, orí rẹ̀ kò pé mọ́ láti ìgbà náà, ìyẹn ló jẹ́ kí màámi dákẹ́ títí a fi jáde.

Mo ti wo màámi nínú ilé mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tí mò ń kọ́ ní bí a ṣe ń tan sítóòfù. Ọgbà yẹn yí ojú tí mo fi ń wò wọ́n padà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò dùn mí rárá.

Nínú ìlú, ẹ rìn gba Narrowgate kọjá. Ilé ọtí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dirty Bottles, ìgò eléruku kún ojú fèrèsé rẹ̀. Wọ́n ní ó ti lé ní igba ọdún tí baálé ilé náà kú níbi tó ti ń gbé àwọn ìgò ọ̀hún, ìyàwó rẹ̀ sì ní ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn wọ́n yóò kú. Kò sẹ́ni tó gbé wọn kúrò. Màámi wò wọ́n, wọ́n ní “Ààlè ni,” wọ́n sì ń lọ.

Ilé ìtàwé Barter Books wà nínú ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1887. Àga ìrọ̀gbọ̀kú wà, ọkọ̀ ojú irin ọmọdé ń sáré lókè àwọn pẹpẹ ìwé. Ẹ lè kó ìwé tiyín wá fi ṣe pàṣípààrọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí, ní 2000, ìwé ìlẹ̀mógiri ìgbà ogun 1939 tó ní kí ará ìlú fara balẹ̀ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ, èyí tó ti wà lára ife tíì kárí ayé báyìí.

Ọjọ́ kejì, a wọ X18 lọ sí etí òkun ní Craster. Kí ẹ tó rí òkun, èéfín ẹja ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́. Ilé ìyanja kan wà níbẹ̀ láti 1856, ìdílé Robson ló ń ṣe é. Ṣáwá ni wọ́n ń lò. Wọ́n á là á láti ẹ̀yìn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sókè iná pákó óákù tó kúnná lúbúlúbú, ó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí 16. Wọ́n ń pè é ní kipper. Ẹja náà rọ̀ ju èyí tí a ń yan nílé lọ, torí náà kì í pẹ́ bí tiwa, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Màámi fi ìka wo egungun rẹ̀, wọ́n ní iná náà kò pọ̀, ẹni tó sì ń dáná yẹn mọṣẹ́.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí odi Dunstanburgh. Kò tó máìlì kan àtààbọ̀, orí koríko ni, ọkọ̀ kò lè débẹ̀. Thomas ti Lancaster, ìjòyè ńlá kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi náà ní 1313, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1322. Àwókù ló kù, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gba inú rẹ̀. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, n kò rí ibi tó dára tó o ní gbogbo etí òkun yẹn.

Ọjọ́ kẹta ni Bamburgh. Odi ńlá wà níbẹ̀ lórí àpáta, a kò gùn ún. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Grace Darling la wọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún 22 ni ọmọbìnrin náà ní oṣù Kẹsàn-án 1838 tó bá bàbá rẹ̀, olùtọ́jú iná ojú òkun, wa ọkọ̀ lọ gba àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ sórí àpáta. Ọkọ̀ onígi náà gan-an ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré ló lò lẹ́yìn ìgbà náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á. Màámi ní kí n mú wọn lọ síbi ibojì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì, wọ́n sì gbàdúrà fún ìyá rẹ̀.

Lindisfarne, erékùṣù tí ẹni mímọ́ Aidan ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ìhìn rere ní 635, kò ṣeé ṣe fún wa. Òkun máa ń bo ọ̀nà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wákàtí tó ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò bá bọ́ọ̀sì wa mu. Ẹ wo àkókò omi kí ẹ tó kúrò nílé.

Kipper mẹ́fà la gbé dé Newcastle. A fi méjì se ẹ̀fọ́ rírò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì ku nǹkan kan nínú ìkòkò. Ilé ìyanja náà máa ń fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ póòsì pẹ̀lú. Mo ti bèèrè fún méjìlá sí i kí màámi tó padà sílé.