Ẹ má ka èyí tí wọ́n gé kúrú: bí mo ṣe ka The Count of Monte Cristo dópin

Ó ti pẹ́ tí ojú mi ti ń pọ́n láti ka ìwé ìtàn àròsọ Alexandre Dumas, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, yìí. Ẹni tó bá ti kà á kì í lè dárúkọ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ má tàn, èmi a sì máa wò wọ́n bí ẹni tó pẹ́ dé ibi àsè. Mo ti kà á tán báyìí, gbogbo orí 117 pátá, orí fóònù ni mo sì ti kà á. Ohun tí mo bá pàdé ni mo fẹ́ sọ, nítorí díẹ̀ ló kù kí n kórìíra ìwé náà láìmọ̀dí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, bébà ni. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á. Wọ́n ju ọ̀dọ́kùnrin atukọ̀ kan, Edmond Dantès, sẹ́wọ̀n, mo ṣí ewé díẹ̀, ó ti jáde, ó ti lówó, ó ti ń gbẹ̀san. Mo bi ara mi pé kí ni gbogbo ayé rí nínú èyí? Ìgbà tí mo padà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ ni mo rí lẹ́tà tíntìntín pé gígé ni wọ́n gé e kúrú. Owó tí mo ná kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti sọ fún ènìyàn méjì pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu.

Ibi tí mo ti wá rí odindi rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Project Gutenberg, ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Michael Hart dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971. Ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti tán níbẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, ó ti lé ní 70,000, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. N kò san kọ́bọ̀, n kò forúkọ sílẹ̀. Mo yan EPUB, irú fáìlì tí wọ́n ṣe fún ìwé kíkà lórí ẹ̀rọ, mo sì fi áàpù ìkàwé tó wà lórí fóònù mi ṣí i. Mo sọ lẹ́tà di ńlá. Bí mo bá fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ tí kò yé mi mọ́lẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ a yọ jáde.

Nígbà tí mo dé orí 15, mo rí ohun tí wọ́n gé kúrò nínú tèmi. Dantès kò jẹun mọ́, ó fẹ́ fi ebi pa ara rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbọ́ tí nǹkan kan ń ha ògiri. Ó fọ́ ìkòkò omi rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àpáàdì tó mú pamọ́ sínú ibùsùn, ó sì ń fi wọ́n họ ògiri lóru. Nígbà tí àpáàdì kò ràn án mọ́, ó gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ̀ṣọ́ lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, kó sì fi páànù ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un, torí irin ni ọwọ́ páànù náà. Ta ló ń ha ògiri lódì kejì? Faria, àlùfáà arúgbó tó fi egungun rírọ̀ inú orí ẹja ṣe gègé, tó fi èéfín dúdú ara ààrò àti wáìnì ṣe tàdáwà, tó sì fi ẹ̀wù rẹ̀ ṣe tákàdá. Ọdún 14 ni Dantès lò níbẹ̀. Bí ẹ kò bá bá a jókòó sínú òkùnkùn yẹn, ẹ̀san tó ń gbà lẹ́yìn náà kò lè wọ̀ yín lára. Ìwé tèmi fi gbogbo rẹ̀ mọ sí ojú-ìwé kan àtààbọ̀!

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló dùn bákan náà. Lẹ́yìn orí 30, ìtàn ṣí lọ sí Róòmù, àwọn ọmọ olówó méjì tí a kò mọ̀ rí gba ojúde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Orúkọ pọ̀ débi pé mo ní láti kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan: ta ni ọmọ ta, ta ni ìyàwó ta. Ẹ fara dà á, gbogbo wọn ló padà wúlò. Orí méjì lálẹ́ ni mo ń kà, ó sì gbà mí ní nǹkan bí oṣù méjì. Ó bá ìwé náà mu bẹ́ẹ̀, torí inú ìwé ìròyìn ló ti kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1844 sí 1846. Orí mìíràn á parí síbi tí oorun á ti dá lójú ẹni.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ti ayé àtijọ́ ni. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó sì bo àwọn ibì kan mọ́lẹ̀, bí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín Eugénie Danglars, ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá Dantès, àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Ẹni tó bá lè rówó ra ti Robin Buss, tó jáde lọ́dún 1996, kó rà á: odindi ni, èdè rẹ̀ sì já gaara. Ẹni tí kò bá lè rà á, ti ọ̀fẹ́ yẹn tó o.

Mo ti padà lọ bá ènìyàn méjì yẹn, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀kan ti dé ọ̀dọ̀ Faria. Èmi náà ti tún bẹ̀rẹ̀, etí ni mo fi ń gbọ́ ọ báyìí lórí LibriVox, ìkànnì ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ka ìwé sókè, nígbà tí mo bá ń fọṣọ.