Wákàtí 34 nínú bàálù kékeré ní ìgbèríko New South Wales: ohun tí owó mi rà

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn ìlú kékeré kan ní New South Wales, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, níbi tí oko àlìkámà ẹnì kan ṣoṣo ti lè gbòòrò ju gbogbo àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi n'Íbàdàn lọ. Nígbà tí àìsàn bá kọjá agbára wa, bàálù Royal Flying Doctor Service ni ó máa ń wá gbé aláìsàn ní pápá bàálù ìlú, èmi tàbí ẹlẹgbẹ́ mi kan a sì tẹ̀ lé áńbúláǹsì dé ibẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti òní: àlùfáà John Flynn ni ó dá a sílẹ̀, láti Cloncurry ní Queensland ni bàálù rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti gbéra lóṣù karùn-ún ọdún 1928. Níbi tí mo ti ń dúró dè é ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ti rí bàálù funfun kan tí ara rẹ̀ kò tóbi ju mọ́tò kékeré lọ bí a bá yọ ti ìyẹ́ kúrò. Ó ń gbéra, ó ń yí po, ó ń balẹ̀, ó tún ń gbéra. Ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan tí kò tíì pé ogún ọdún ni ó jókòó sínú rẹ̀ lóun nìkan. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò níbẹ̀, títí mo fi lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí tí ó ń múni dé ibi ìwé ẹ̀rí Recreational Pilot Certificate, tí àjọ Recreational Aviation Australia, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní RAAus, ń fúnni lábẹ́ àbójútó CASA, ìyẹn àjọ ìjọba tí ó ń ṣọ́ ààbò òfuurufú. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ kéré, mo sì ní ẹ̀sùn sí wọn tí mo ti sọ lójú wọn, nítorí náà n kò ní dárúkọ wọn. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi kọ́ ọ, láàárín iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọ̀sán.

Òfin irú bàálù yìí rọrùn ju bí mo ti rò lọ. Ènìyàn méjì péré ni ó ń gbé, èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ju 600 kílò lọ pẹ̀lú epo àti ẹrù nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra. Ara líle tí òfin béèrè fún ẹni tí ó fẹ́ wa mọ́tò ara rẹ̀ náà ni ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wa bàálù yìí. Ọ̀sán nìkan ni a fi ń fò, a kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìkùukùu. Ẹni tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí kìlómítà 46 sí ibi tí ó ti gbéra, àfi bí ó bá tún kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìnàjò jíjìn. Kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹlòmíràn títí wọn yóò fi buwọ́ lu ìyẹn náà. Wákàtí 20 ni ó kéré jù, márùn-ún nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi fò lóun nìkan.

Orí wákàtí 20 yìí ni mo ti ní ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n ṣírò owó náà fún mi lórí ìwé: 285 dọ́là Ọsirélíà fún wákàtí kan pẹ̀lú olùkọ́, 195 dọ́là fún wákàtí kan tí mo bá fi nìkan fò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,250 dọ́là. Kò sí irọ́ nínú ìṣirò náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé ẹni tí kò lè wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá kò lè parí ní wákàtí 20. Wákàtí 34 ni mo lò, 26 pẹ̀lú olùkọ́ àti 8 lémi nìkan, ó sì jẹ́ 8,970 dọ́là. Bí mo bá fi owó ẹgbẹ́, ìwé, ìdánwò àti ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí a ń gbé sórí kún un, ó lé ní 10,000. Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀: ṣé ìgbà tí bàálù bá kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ń ka wákàtí, àbí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́? Ti ẹ́ńjìnnì ni tiwa. Ní òwúrọ̀ òtútù, tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ móoru kí a tó yí kúrò lójú kan, owó ń lọ nígbà tí ẹsẹ̀ bàálù ṣì wà lórí ilẹ̀.

Bàálù náà fúnra rẹ̀ ni Jabiru J170, tí wọ́n ń ṣe ní Bundaberg, ní Queensland. Orúkọ ẹyẹ ńlá kan tí ó jọ àkọ̀ tiwa ni wọ́n fún un. Ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè orí ẹni, nítorí náà ilẹ̀ hàn kedere lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀pá ìdarí kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìjókòó méjèèjì, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń lò. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n nígbà tí ó mọ́ mi lọ́wọ́, n kò fẹ́ òmíràn mọ́. Ó ń sá tó kìlómítà 180 láàárín wákàtí kan, epo tí ó sì ń mu kò ju bíi lítà 15 lọ, èyí tí ó mú kí ó wúlò fún àwọn àgbẹ̀ tí ó fẹ́ lọ wo bóyá omi ṣì wà nínú ọpọ́n ìmumi màlúù ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wọn. Àyè inú rẹ̀ há fún ẹni tí ó bá sanra. Kílò 91 ni mo wọ̀n, olùkọ́ mi wọ̀n 88, bàálù wa sì wọ̀n 330 lófìfo. Nígbà tí lítà epo kan jẹ́ nǹkan bí 0.72 kílò, a kò lè kún tánkì oní lítà 135 dé ẹnu láéláé. Olùkọ́ mi kò jẹ́ kí n fi orí ṣe ìṣirò yìí. Pẹ́ńsù àti ìwé ni, ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ fò.

Ọ̀gá ni mo ń pe olùkọ́ mi. Ẹni ọdún 71 ni bàbá náà, ó sì ní kí n máa pe òun ní orúkọ gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìtumọ̀ Ọ̀gá fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á. Gbogbo ohun rere tí mo ní láti sọ nípa ẹ̀kọ́ yìí, orí rẹ̀ ni ó dá lé.

Ọjọ́ kejì tí mo lọ, ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí lára bàálù, èyí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé láti fi wọn eré tí bàálù ń sá. Ó ní kí n wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Amọ̀ pupa kan tí kò tó ọmọ ẹ̀wà wà nínú ihò náà. Agbọ́n kan wà ní Ọsirélíà tí ó ń fi amọ̀ mọ ilé sínú ihò tóóró èyíkéyìí tí ó bá rí, bí wọ́n bá sì gbàgbé láti da ìbòrí bo ọ̀pá yìí, kò pẹ́ tí yóò fi dí i. Bí a bá gbéra báyẹn, aago eré yóò máa parọ́ fún wa, awakọ̀ tí kò bá sì mọ eré tí ó ń sá lè jẹ́ kí eré náà lọ sílẹ̀ títí ìyẹ́ kò fi ní lè gbé bàálù mọ́. A kò fò lọ́jọ́ náà. Wọ́n kò gba owó lọ́wọ́ mi, Ọ̀gá sì fi wákàtí kan àbọ̀ tí a ti yà sọ́tọ̀ kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ bàálù wò láti iwájú dé ìrù: bí a ṣe ń fa epo díẹ̀ sínú ife láti wo bóyá omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń wo ìtẹ́ ẹyẹ lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, àti bí a ṣe ń wá ibi tí eku ti gé wáyà jẹ.

Ohun kejì tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ojú tí a fi ń wo ilẹ̀. Ó máa ń fa ọwọ́ epo sẹ́yìn láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀, á ní kí n fi oko tí mo máa balẹ̀ sí han òun. Lóṣù kẹsàn-án, tí kànólà, irè tí wọ́n ń fi ṣe òróró, bá ti tanná, gbogbo ilẹ̀ a pọ́n yẹ́líò débi pé ojú á fẹ́ yan èyí tí ó dára jù lọ ní wíwò. Irè gíga bẹ́ẹ̀ lè mú ẹsẹ̀ bàálù kí ó sì dà á délẹ̀. Mo yan oko kan lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti kórè rẹ̀, ó tẹ́jú, ó gùn, inú mi sì dùn. Ọ̀gá ní, "Wáyà iná ńkọ́?" Mo ní n kò rí wáyà. Ó ní, "Má wá wáyà, òpó ni kí o wá." Nígbà náà ni mo rí òpó kan lẹ́bàá ilé àgbẹ̀ náà àti òmíràn lórí òkè kékeré lọ́hùn-ún. Ní ìgbèríko Ọsirélíà, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n sábà fi ń gbé iná lọ sí oko, òpó rẹ̀ jìnnà síra wọn gidigidi, wáyà náà sì tín-ín-rín tí ojú kò fi lè rí i láti òkè. Àárín gbùngbùn oko tí mo yàn ni ó gbà kọjá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà, tí ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko, mo balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Ọ̀gá sì ní kí n yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó di bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ padà kí ó má baà há ọ̀pá ìdarí, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n yí po lẹ́ẹ̀kan, kí n padà wá gbé òun. Lẹ́yìn náà ó pa ilẹ̀kùn dé. Bàálù tí ó ti fi kílò 88 fúyẹ́ kúrò nílẹ̀ kí n tó retí rẹ̀, ó sì ń gòkè lọ́nà tí n kò rí rí. Ìjókòó ọwọ́ òsì mi ni mo wà, ti ọ̀tún ṣófo. Mo kéde ara mi lórí rédíò bí ó ti kọ́ mi: orúkọ pápá, ẹni tí mo jẹ́, ibi tí mo wà, ohun tí mo fẹ́ ṣe, orúkọ pápá lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan nílé gogoro tí yóò dá ènìyàn lóhùn ní irú pápá wa, lórí ìkànnì rédíò 126.7 ni àwa awakọ̀ ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ kan tí ó ń fò bọ̀ láti ìhà ìlú Parkes gbọ́ ohùn mi, ó ní òun yóò dúró lókè títí n ó fi balẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n títí di òní, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìgbà kẹta tí mo nìkan fò, mo ti sọ̀kalẹ̀ tó nǹkan bí 200 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀ nígbà tí kangarúù méjì tọ jáde láti inú koríko, tí wọ́n sì dúró sí àárín ọ̀nà. Ọwọ́ mi ti tẹ epo síwájú dé òpin kí ọkàn mi tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Mo gòkè, mo kéde rẹ̀, mo yí po, mo balẹ̀ lẹ́yìn tí Ọ̀gá ti fi mọ́tò lé wọn. Nǹkan bí ìgbà ogún ni a ti fi ìyẹn dánra wò, tí mo sì ti ń rò pé owó mi ni ó ń fi ṣòfò.

Ẹ̀sùn mi tí ó tóbi jù ni pé bàálù kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní. Nígbà tí àkókò àyẹ̀wò rẹ̀ tó, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ni. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wa mọ́tò fún kìlómítà 70, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, tí mo bá ilẹ̀kùn ní títì nítorí pé kò sí ẹni tí ó rántí pè mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nìkan fò nígbà náà ni, ọwọ́ mi sì tutù débi pé wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú olùkọ́ ni ó gbà kí n tó padà síbi tí mo wà. Èmi ni mo san owó wákàtí mẹ́ta náà. Mo kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó ni ilé ẹ̀kọ́. Ó tọrọ àforíjì, kò dá kọ́bọ̀ padà. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìpè fóònù kan ì bá ti tó.

Nínú ooru, ẹ má gba wákàtí ọ̀sán. Bí ó bá ti di aago mẹ́wàá ní oṣù kìn-ín-ní, ilẹ̀ gbígbóná a máa ti afẹ́fẹ́ sókè, bàálù á máa jó lójú òfuurufú, yóò sì lo ọ̀nà gígùn kí ó tó kúrò nílẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni èmi ń gbà, bí mo bá tilẹ̀ ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹni tí kò bá ní owó tí ó tó wákàtí 30 lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ jọ. Ẹni tí ó bá lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni owó rẹ̀ yóò pẹ́ jù. Ẹ béèrè iye bàálù tí wọ́n ní, kí ẹ sì jókòó ti olùkọ́ fún wákàtí kan kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Mo ti san owó ẹ̀kọ́ ìrìnàjò jíjìn báyìí, lọ́wọ́ Ọ̀gá kan náà. Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni a máa fò dé Narromine, tí a ó sì gba òkè Parkes padà. Mo ti fa ìlà rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀, mo sì ti ṣírò epo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.