Ìró Fíìmù Adẹ́rùbani: Ká Gbà Á Sílẹ̀ Fúnra Wa Ni, àbí Ká Wà Á Jáde Látorí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Àwa tá à ń parí fíìmù olówó kékeré ní Kubwa máa ń bi ara wa ní ìbéèrè yìí.

Ní ti owó, Freesound, ìkànnì tí wọ́n ti ń wa ìró jáde, ò gba kọ́bọ̀. Owó dátà nìkan lẹ máa san. Gbígbà á fúnra ẹni ń fẹ́ máíkì àti sùúrù, ṣùgbọ́n òun gan-an ni mo fẹ́ràn. Mo ra ìrèké lọ́wọ́ àwọn Háúsá tó ń fi ọmọlanke tà á, mo ṣẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máíkì ní aago 2 òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́. Ṣe ló dún bí ìgbà tí egungun ń kán! Kò sí fíìmù mìíràn tó ní ìró yẹn.

Ewu ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀tá ẹni tó ń gbà á sílẹ̀. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ ìlò Creative Commons tí ẹni tó ni ìró fi sí i ni kẹ́ ẹ ṣọ́: CC0 ò ní wàhálà, BY ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín, NC ò ṣeé fi pawó rárá.

Bí ọjọ́ bá ti ń lé yín, tó jẹ́ ààrá àti ìjì lẹ ń wá, ẹ wà á jáde. Tó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ iwin, tàbí èémí ẹni tó sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbà á fúnra yín.