Notepad àbí Vim: èwo ló yẹ ẹni tó ń kọ Yorùbá níbi tíná ti ń ṣe wọlé-jáde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ kóòdù ní Tanke àti Òkè Odò ní Ìlọrin níbí, ẹ ti fi Vim yìí dá wa lágara o. Vim àti Notepad, ohun tá a fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà ni méjèèjì. Ẹni tó bá ṣí Notepad báyìí, ẹ ó máa wò ó bí ọmọ jẹ́léósinmi. Èmi ń lo méjèèjì, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lójú tèmi.

Notepad ò ní wàhálà. Àtìgbà Windows àkọ́kọ́ ní 1985 ló ti wà níbẹ̀, kò sí pé ẹ ń jó dátà torí ẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ kọ̀wé, ẹ sefù, ó parí. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti ń kú lọ gan-an á gbé e. Ibi tó kù sí ni àmì Yorùbá. Kó tó di 2019 tí wọ́n sọ UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá, di èyí tó fi ń sefù, ANSI àtijọ́ tí ò gba gbogbo àmì wa ló ń lò, tẹ́ ẹ bá wá kọ ẹ, ọ àti ṣ sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ sì gbójú fo ìkìlọ̀ tó gbé síta, ẹ padà ṣí fáìlì yẹn kẹ́ ẹ wá rí àmì ìbéèrè rẹpẹtẹ. Windows 7 ò sì tíì tán nígboro yìí o, nítorí náà ẹ má gbàgbé Save As, ẹ yan UTF-8 nídìí Encoding.

Vim ní tiẹ̀, Bram Moolenaar ará Netherlands ló gbé e jáde ní 1991, ọ̀fẹ́ ni, ó kàn ní kẹ́ni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ ṣàánú àwọn ọmọ kan ní Uganda ni, ìyẹn wù mí jọjọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, orí á fọ́ yín díẹ̀: àfi kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà i kẹ́ ẹ tó lè kọ̀wé, Esc lẹ ó fi kúrò níbẹ̀, :wq lẹ ó fi sefù kẹ́ ẹ sì jáde, tó bá ti sú yín pátápátá, :q! lẹ ó fi jáde láìsefù.

Adùn ẹ̀ wà nínú vimrc, ìyẹn fáìlì tẹ́ ẹ ti máa sọ fún un bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó máa ṣe. Mo kọ set encoding=utf-8 síbẹ̀, mo tún kọ iab ilr Ìlọrin, tí n bá ti tẹ ilr tí mo fààyè sílẹ̀, Ìlọrin á jáde tàmì-tàmì. Ibẹ̀ náà ni àwọn kan há sí ṣá, wọ́n á máa pààrọ̀ kọ́lọ̀, ìyẹn àwọ̀ ojú Vim, láti àárọ̀ dalẹ́ láìkọ ìlà kan, bí àgbẹ̀ tó ń pọ́n àdá títí oòrùn fi wọ̀.

Èmi ò tìtorí kọ́lọ̀ dúró ti Vim o, torí iná ni. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ọ̀pọ̀ wa ti kú, wọ́n mú iná lọ báyìí, Notepad àtijọ́ ò mọ̀ yín rí, ohun tẹ́ ò tíì sefù ti lọ. Vim ń kọ swap file, ìyẹn fáìlì tó ń bá yín tọ́jú ohun tẹ́ ò tíì sefù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì yín, tẹ́ ẹ bá ti tẹ nǹkan bíi lẹ́tà 200, tàbí tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Tíná bá dé, ẹ kọ vim -r àti orúkọ fáìlì, á kó o jáde fún yín.

Ẹni tí ò rójú kọ́ gbogbo ìyẹn, kó gba Notepad++ jàre, òmíì ni o, kì í ṣe Notepad inú Windows, ìṣẹ́jú àáyá 7 síra lòun fi ń tọ́jú iṣẹ́ pa mọ́ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. VS Code táwọn tó ń kọ kóòdù ń lò náà dáa, mi ò bá a jà, àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí RAM ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí, ò ju 4GB lọ, kí Chrome náà tún wà ní ṣíṣí, wọ́n á gbọ́ fáànù yín láti Gáà Akànbí dé Ọjà Ọba.